Fífi kóòdù àti ìdánwò kún àkójọ kóòdù orísun-gbangba

Fífi kóòdù àti ìdánwò kún àkójọ kóòdù orísun-gbangba jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe nígbà tí ó bá kọ àtúnṣe tàbí àfikún fún sọ́fítíwíà tí ẹnikẹ́ni lè lò, tí ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn alábòójútó sọ́fítíwíà náà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á wọlé. Àkójọ kóòdù, èyí tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní library, ni kóòdù tí a ti kọ sílẹ̀ kí àwọn ètò kọ̀ǹpútà mìíràn lè máa yá a lò, kí ẹnikẹ́ni má baà máa tún iṣẹ́ kan náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. A ń pè é ní orísun-gbangba nígbà tí kóòdù náà bá wà níta fún gbogbo ènìyàn láti kà, láti lò, láti yí padà àti láti pín fún ẹlòmíràn lábẹ́ ìwé àṣẹ kan. Ìdánwò ni kóòdù kejì tí a kọ láti fi hàn pé kóòdù àkọ́kọ́ ń ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe.

Ẹni tó fi kóòdù ránṣẹ́ lè wà ní Ìbàdàn, kí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò wà ní Jámánì, kí wọ́n má sì fojú kan ara wọn rí. Nígbà tí alábòójútó kò bá mọ ẹni tó kọ kóòdù, ìdánwò tó bá kóòdù náà wá jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀rí díẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rí yìí lágbára, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ní ibi tó mọ, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ OpenSSL àti ti xz ti fi hàn.

Ìtàn ní ṣókí

Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ń fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí ara wọn kí íntánẹ́ẹ̀tì tó gbòòrò. Ní ọdún 1983, Richard Stallman kéde iṣẹ́ GNU ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú èrò pé ẹni tó ń lo sọ́fítíwíà yẹ kí ó ní ẹ̀tọ́ láti ka kóòdù rẹ̀ àti láti tún un ṣe. Ní ọdún 1985, Larry Wall gbé ètò kékeré kan tí ń jẹ́ patch jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ìyàtọ̀ tó wà láàárín fáìlì àtijọ́ àti tuntun, kí ó sì fi ìyàtọ̀ náà tún fáìlì tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ṣe. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó tún ìlà mẹ́ta ṣe kò ní láti fi gbogbo kóòdù ránṣẹ́ mọ́. Ìlà mẹ́ta yẹn ló ku kí ó fi sínú lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà. Orúkọ náà, open source, jáde ní ọdún 1998.

Linus Torvalds, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ Linux ní ọdún 1991, kọ Git ní ọdún 2005 láti máa tọ́jú gbogbo ìyípadà tó bá dé bá kóòdù: ta ló ṣe é, ìgbà wo ló ṣe é, àti ohun tó sọ pé òun torí rẹ̀ ṣe é. GitHub tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2008 kó ìpamọ́ kóòdù, ìjíròrò àti àyẹ̀wò sí ojú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà náà ni ó ti rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ẹnikẹ́ni láti bá iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́.

Bí kóòdù ṣe ń wọlé: àpẹẹrẹ NumPy

NumPy jẹ́ àkójọ kóòdù fún ìṣirò nínú èdè kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Python. Travis Oliphant ló dá a sílẹ̀ nígbà tí ó so iṣẹ́ méjì àtijọ́, Numeric àti Numarray, pọ̀, ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní ọdún 2006. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lò ó nínú iṣẹ́ tó bí àwòrán àkọ́kọ́ ti ihò dúdú òfuurufú, èyí tí wọ́n fi han aráyé ní oṣù Igbe ọdún 2019. Àṣìṣe kékeré kan nínú NumPy lè tipa bẹ́ẹ̀ wọ inú ìwádìí tí ẹni tó ṣe àṣìṣe náà kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Ẹni tó bá fẹ́ tún nǹkan ṣe nínú NumPy a kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ àwọn ìṣòro tí àwọn ènìyàn ti fi tó àwọn alábòójútó létí, kí ó má baà ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ń ṣe lọ́wọ́. Bí ohun tó ní lọ́kàn bá jẹ́ àfikún ńlá, ó yẹ kí ó bá àwọn yòókù jíròrò rẹ̀ kí ó tó kọ ìlà kan; àbá tó bá tóbi gan-an ní ìwé tirẹ̀, tí à ń pè ní NEP. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣe ẹ̀dà ibi ìpamọ́ kóòdù náà sí abẹ́ orúkọ ara rẹ̀, yóò gbé e wá sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, yóò sì la ẹ̀ka tuntun fún iṣẹ́ kan ṣoṣo tó fẹ́ ṣe. Apá púpọ̀ nínú NumPy ni a fi èdè C kọ, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ tò ó pọ̀ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣiṣẹ́ lé lórí, kí ó sì ṣe gbogbo ìdánwò rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí lè fi odindi ọjọ́ méjì wá àṣìṣe tó ti wà níbẹ̀ kí ó tó dé.

Nígbà tí kóòdù àti ìdánwò rẹ̀ bá ti ṣetán, olùkópa yóò kọ àlàyé ṣókí sí i. NumPy ní àmì tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ àlàyé bẹ́ẹ̀: BUG fún àtúnṣe àṣìṣe, ENH fún àfikún, DOC fún ìwé ìtọ́nisọ́nà, TST fún ìdánwò. Yóò wá béèrè pé kí wọ́n fa iṣẹ́ náà wọlé, ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní pull request. Ní kété tí ìbéèrè yìí bá dé, àwọn kọ̀ǹpútà tí a yà sọ́tọ̀ fún un yóò gbé kóòdù náà, wọn yóò sì dán an wò lórí Linux, Windows àti macOS. Ohun tó yege lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ọ́ lè kùnà lórí òmíràn, nítorí pé ìwọ̀n nọ́ńbà tàbí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pe orúkọ fáìlì lè yàtọ̀.

Ohun tí ìdánwò ń sọ

Ìdánwò kan ń sọ pé: bí a bá fún kóòdù yìí ní èyí, ìyẹn ni ó gbọ́dọ̀ dá padà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Python, pytest ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ń lò. Ó máa ń wá gbogbo ìdánwò tó wà nínú fáìlì, yóò ṣe wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì sọ èyí tó kùnà àti ibi tó ti kùnà.

Nígbà tí a bá ń tún àṣìṣe ṣe, ìdánwò ló yẹ kí a kọ́kọ́ kọ. A ó wò ó bóyá ó kùnà lórí kóòdù àtijọ́. Lẹ́yìn àtúnṣe, ó gbọ́dọ̀ yege. Ìdánwò tí kò kùnà rí kò tíì jẹ́rìí sí ohunkóhun, nítorí ó lè jẹ́ pé kò tilẹ̀ dé ibi tí àṣìṣe náà wà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ alábòójútó fi máa ń yọ àtúnṣe náà kúrò fún ìgbà díẹ̀ nígbà àyẹ̀wò, kí wọ́n lè rí i pé ìdánwò rẹ̀ ṣubú lóòótọ́.

Nọ́ńbà ní wàhálà tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò lè kọ 0.1 tàbí 0.2 sílẹ̀ ní pípé, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn kò ti lè kọ ìdá kan nínú mẹ́ta tán lẹ́yìn àmì dẹ́símà. Bí a bá ní kí Python ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, 0.30000000000000004 ni yóò dá padà. Ìdánwò tó bá béèrè pé kí èsì náà jẹ́ 0.3 gan-an yóò kùnà láìsí àṣìṣe kankan nínú kóòdù. NumPy ní ohun èlò kan tí ń jẹ́ assert_allclose, tó ń béèrè bóyá nọ́ńbà méjì súnmọ́ ara wọn tó. Bákan náà ni NaN, àmì tí kọ̀ǹpútà fi ń dúró fún èsì tí kì í ṣe nọ́ńbà: ìlànà ìṣirò kọ̀ǹpútà sọ pé NaN kò dọ́gba pẹ̀lú NaN. Ẹni tó bá ń kọ ìdánwò fún ìṣirò gbọ́dọ̀ rántí NaN, kí ó rántí àtòjọ òfìfo tí kò ní nọ́ńbà kankan nínú, kí ó sì rántí nọ́ńbà tó tóbi ju ààyè rẹ̀ lọ. Inú irú àwọn igun bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe máa ń fara pamọ́ sí, kì í ṣe lójú ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà.

Ìdánwò tún ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹni tó kọ ọ́ bá ti lọ. Olùkópa lè fi ìlà mẹ́wàá kún iṣẹ́ kan nígbà tó wà ní yunifásítì, kí ó gba iṣẹ́ níbòmíràn, kí ó má sì padà wá mọ́. Bí ẹlòmíràn bá da ìlà mẹ́wàá náà rú lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìdánwò rẹ̀ ni yóò kígbe.

Àpẹẹrẹ láti inú èdè Yorùbá

Ọ̀rọ̀ tó ní àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ wúlò púpọ̀ fún títú àṣírí kóòdù tí a kọ pẹ̀lú èrò pé èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ayé ń kọ. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń pa lẹ́tà mọ́, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ́. Nítorí náà, ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti kọ ọ́: ọ tí a fi àmì ohùn òkè lé, o lásán tí a fún ní àmì ìsàlẹ̀, kí a tó fún un ní àmì ohùn, tàbí ó tí a wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí lẹ́yìn. Ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀, kọ̀ǹpútà sì ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó tẹ “ọjọ́” sórí fóònù rẹ̀ lè wá ọ̀rọ̀ náà títí nínú ìwé atúmọ̀ èdè orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì gba èsì pé kò sí i níbẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò nira. Python ní ohun èlò kan nínú unicodedata tó ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan kí a tó fi wọ́n wéra. Iṣẹ́ tó kù ni ìdánwò: kí a kọ “ọjọ́” ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí a sì béèrè pé kí èsì ìwáríi wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Láìsí ìdánwò yìí, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè yọ àtúnṣe náà kúrò lọ́la nítorí pé kò rí ìwúlò rẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò dá a lẹ́kun.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtòlẹ́sẹẹsẹ ọ̀rọ̀. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, gb jẹ́ lẹ́tà kan tó tẹ̀lé g, nítorí náà “gùdùgúdù” ló ṣáájú “gbẹ̀du”. Kóòdù tó ń to ọ̀rọ̀ ní ìlànà Gẹ̀ẹ́sì yóò yí wọn padà, nítorí b ṣáájú u. ICU, àkójọ kóòdù tí ọ̀pọ̀ fóònù àti kọ̀ǹpútà ń lò fún ọ̀rọ̀ èdè oríṣiríṣi, ń gba ìtò Yorùbá láti inú àkójọ ìlànà èdè tí à ń pè ní CLDR. Irú ìmọ̀ báyìí wà lọ́wọ́ ẹni tó gbọ́ èdè náà ju ẹni tó mọ kóòdù lásán lọ, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí olùkópa láti ilẹ̀ Yorùbá ti lè mú ohun tí ẹlòmíràn kò ní wá.

Àyẹ̀wò

Alábòójútó tàbí olùkópa àgbà kan ni yóò ka kóòdù náà ní ìlà dé ìlà. Yóò béèrè ìdí tí a fi kọ ọ́ báyìí, yóò tọ́ka sí ohun tí ìdánwò kò kàn, ó sì lè ní kí a tún un kọ. Èyí lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe é láìgba owó lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Kóòdù kékeré tó ṣe ohun kan ṣoṣo máa ń yára wọlé ju èyí tó kó ohun márùn-ún pọ̀ lọ.

Ẹrù àyẹ̀wò yìí hàn gbangba ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020. Ètò Hacktoberfest ti ṣèlérí ẹ̀wù fún ẹnikẹ́ni tó bá fi iye pull request kan ránṣẹ́. Ohun tó tẹ̀lé e ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ kan tàbí àmì kan kún ìwé ìtọ́nisọ́nà láìnídìí, àwọn alábòójútó sì ń fi ọjọ́ wọn ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ìbéèrè tí kò wúlò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn olùṣètò yí òfin padà, pé iṣẹ́ tó bá fara mọ́ ètò náà nìkan ni a ó máa kà.

Ìwé àṣẹ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó fi kóòdù kún NumPy gbà pé kí ó wà lábẹ́ ìwé àṣẹ BSD. Linux ń béèrè láti ọdún 2004 pé kí olùkópa fi orúkọ rẹ̀ jẹ́rìí pé òun ní ẹ̀tọ́ láti fi kóòdù náà sílẹ̀, OpenSSL sì ń béèrè àdéhùn tí a fọwọ́ sí.

Heartbleed: kóòdù tí kò ní ìdánwò tó yẹ

OpenSSL ni àkójọ kóòdù tí ọ̀pọ̀ ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì fi ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà kà á. Ní òpin ọdún 2011, olùkópa kan fi àfikún kan ránṣẹ́ sí i, alábòójútó kan yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì gbà á wọlé. Ó jáde nínú ẹ̀dà 1.0.1 ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2012. Iṣẹ́ àfikún náà ni kí kọ̀ǹpútà méjì máa mọ̀ pé àwọn ṣì ń gbọ́ ara wọn: ọ̀kan yóò fi ọ̀rọ̀ kékeré kan ránṣẹ́, yóò sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti gùn tó, èkejì yóò sì dá a padà gẹ́gẹ́ bí ó ti gbà á.

Ohun tí kóòdù náà kò ṣe ni pé kò wò ó bóyá gígùn tí a sọ bá ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ mu. Bí ẹnì kan bá fi lẹ́tà mẹ́ta ránṣẹ́, tí ó sì sọ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta ni, sáfà yóò dá lẹ́tà mẹ́ta náà padà pẹ̀lú ohunkóhun tó bá wà nítòsí rẹ̀ nínú ìrántí kọ̀ǹpútà. Ó lè tú tó kílóbáìtì 64 síta lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé àti kọ́kọ́rọ́ àṣírí sì lè wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Igbe ọdún 2014 ni a kéde àṣìṣe yìí, tí a sọ ní Heartbleed. Neel Mehta ti Google àti àwọn oníṣẹ́ Codenomicon ní Finland ni wọ́n rí i, láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ kan gbọ́ lọ́dọ̀ èkejì. Ó ti wà níta fún ọdún méjì.

Ìdánwò kan ṣoṣo, tó pa irọ́ nípa gígùn ọ̀rọ̀, ì bá ti fi í hàn. Àwọn tó kọ kóòdù náà àti àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ronú nípa ẹni tó ń sọ òtítọ́. Kò sí ìdánwò tó dúró ní ipò òpùrọ́. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí ni Linux Foundation kó àwọn ilé iṣẹ́ ńlá jọ láti máa fi owó ran irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ìwé ìtọ́nisọ́nà OpenSSL ń béèrè ìdánwò pẹ̀lú àfikún nísinsìnyí.

xz: ìdánwò tó di ibi ìfarapamọ́

Ọ̀rọ̀ xz yàtọ̀ pátápátá. xz jẹ́ ohun èlò fún fífún fáìlì pọ̀ kí ó lè kéré, ènìyàn kan ló sì ń bójú tó o fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ọdún 2021, ẹnì kan tó ń lo orúkọ Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtúnṣe tó wúlò ránṣẹ́ síbẹ̀. Àwọn orúkọ mìíràn ń yọ alábòójútó lẹ́nu pé iṣẹ́ rẹ̀ falẹ̀, pé kí ó fún ẹlòmíràn láyè. Nígbà tó yá, Jia Tan di alábòójútó pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 jáde pẹ̀lú ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn nínú. Inú fáìlì ìdánwò ni wọ́n fi í pamọ́ sí. Iṣẹ́ bíi xz nílò fáìlì tó bàjẹ́ láti fi dán an wò bóyá ó mọ fáìlì tó bàjẹ́, ojú ènìyàn kò sì lè ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó máa béèrè ìdí tí inú rẹ̀ fi rí rúdurùdu. Kóòdù kékeré kan, tí kò sí ní ibi ìpamọ́ Git ṣùgbọ́n tó wà nínú àpò tí wọ́n pín fún aráyé, ló ń yọ ohun tó wà nínú fáìlì náà jáde nígbà tí a bá ń to sọ́fítíwíà náà pọ̀. Ète rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kan lè wọ inú kọ̀ǹpútà Linux láti òkèèrè.

Andres Freund, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Microsoft tó tún ń kópa nínú PostgreSQL, ló rí i. Ó ṣàkíyèsí pé ìwọlé sí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pẹ̀lú nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ó sì kéde ohun tó rí ní ọjọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024, kí ẹ̀dà náà tó wọ inú ọ̀pọ̀ Linux tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò. Ìdánwò lè sọ pé kóòdù ń ṣe ohun tí a béèrè. Kò lè sọ ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn. 

Àwọn tí kì í gba kóòdù láti ìta

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ orísun-gbangba ló ń gba àfikún. D. Richard Hipp dá SQLite sílẹ̀ ní ọdún 2000, ó sì wà nínú fóònù tó pọ̀ jù lọ lágbàáyé. Ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè lò ó láìgba àṣẹ, nítorí àwọn tó kọ ọ́ ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ wọn lórí rẹ̀ pátápátá. Kí ìyọ̀ǹda yìí má baà ní àríyànjiyàn, wọn kì í gba kóòdù lọ́wọ́ ẹni tí kò fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kóòdù ìdánwò rẹ̀ ju ìlọ́po 500 kóòdù SQLite fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀ lè fi tó wọn létí, kí ó sì fi àpẹẹrẹ tó kùnà hàn wọ́n. Àwọn ni yóò kọ àtúnṣe náà, àti ìdánwò tí yóò máa ṣọ́ ọ.